Dídẹ̀ àti Bíbọ́: Yíyàn àti Lílo Lọ́ọ̀kì-Nọ́ọ̀tì Onírin Pọ́ńbélé lára Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ̀n

Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń gbọ̀n; ilẹ̀ tí ènìyàn fẹsẹ̀ tẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńjìnnì tí a máa ń bá nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì onípísítìnì kan, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Lister ń ṣe nígbà kan ní ìlú Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn oníṣẹ́ irin ní Íńdíà sì wá ń ṣe àfarawé rẹ̀ tà. Oríṣi kan nínú wọn, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 6, a máa yí ní ìgbà 650 láàárín ìṣẹ́jú kan. Nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni epo ń gbiná nínú rẹ̀ bó bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà 325 ni písítìnì ń gba ẹ̀ṣẹ́ iná ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi wákàtí 8 lọ ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà ti gba irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 156,000. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ tí ẹ̀ṣẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Bí nọ́ọ̀tì tó so páìpù èéfín mọ́ ẹ́ńjìnnì bá dẹ̀, èéfín olóró a máa tú sínú ahéré tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́. Bí èyí tó de ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ bá bọ́, bẹ́líìtì lè fò kúrò lórí wíìlì kó sì gbá ẹni tó bá wà nítòsí lọ́wọ́ tàbí lójú. Nítorí náà ni ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fi máa ń mú sípánà láràárọ̀, tí yóò yí ẹ̀rọ ká, tí yóò sì tún àwọn nọ́ọ̀tì fún lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá sì sú ẹni tó ni ẹ̀rọ, irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wáyé láàárín òun àti mẹkáníìkì nìyí:

“Ọ̀gá, nọ́ọ̀tì yìí tún ti dẹ̀ o. Àná náà lẹ fún un.”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì ni mo máa fi sí i báyìí. Kò ní dẹ̀ mọ́ láéláé.”

Ìlérí mẹkáníìkì yìí jẹ́ òtítọ́ lápá kan, ó sì ṣini lọ́nà lápá kejì. Àfojúsùn iṣẹ́ yìí ni láti ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, kí a lè mọ irú lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì tó yẹ ká yàn àti bó ṣe yẹ ká lò ó. Àwọn tí a ó gbájú mọ́ ni àwọn onírin pọ́ńbélé, èyíinì ni àwọn tí kò ní rọ́bà tàbí ohunkóhun mìíràn nínú bí kò ṣe irin nìkan.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta

Èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀tì tí kò le mọ́. Èdè Yorùbá kò ṣe bẹ́ẹ̀, èrè ńlá sì ni èyí jẹ́ fún wa nínú àlàyé yìí. A ní dẹ̀, a ní yí padà, a sì ní bọ́.

Nǹkan lè dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tú u. Awọ ìlù a máa dẹ̀ bí òtútù bá mú tàbí bí ojú ọjọ́ bá lọ́rinrin. Ọṣán kò já, ẹnikẹ́ni kò sì tú okùn kankan, síbẹ̀ ohùn ìlù ti yí padà, onílù yóò sì wá iná tàbí oòrùn láti yá a. Ohun tó sọnù ni fífà tí awọ wà ní fífà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ọ̀tì ṣe lè wà lójú kan náà tí a fi í sí, kí ó má yí rárá, síbẹ̀ kí ìfúnpọ̀ tó ń ṣe fún irin ti lọ. Dídẹ̀ nìyẹn. Bí nọ́ọ̀tì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn fúnra rẹ̀ lórí bóòtì, yíyí padà ni a ó pe ìyẹn. Bó bá yí títí tó fi kúrò lórí bóòtì pátápátá, ó ti bọ́.

Dídẹ̀ ló sábà máa ń ṣáájú, yíyí padà a tẹ̀ lé e, bíbọ́ a sì kẹ́yìn wọn. Àmọ́ oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì onírin dára gan-an láti dènà bíbọ́. Ó ń dín yíyí padà kù. Kò lè ṣe ohunkóhun sí dídẹ̀ tó wáyé láìsí yíyí. Ibí gan-an ni mẹkáníìkì wa ti ṣèlérí ju agbára nọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ.

Bóòtì ló ń nà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eyín nọ́ọ̀tì tó há mọ́ eyín bóòtì ló ń mú nǹkan dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń yí nọ́ọ̀tì lọ lẹ́yìn tó ti kan irin, ńṣe ni à ń na bóòtì. Bóòtì náà ń fẹ́ padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́, bíi rọ́bà tí a fà, bó ti ń fẹ́ padà ló ń fún irin méjèèjì pọ̀. Agbára ìfúnpọ̀ ni a ó máa pe èyí. Níwọ̀n ìgbà tí agbára ìfúnpọ̀ bá pọ̀ tó, irin méjèèjì kò ní lè yọ̀ lórí ara wọn, bí irin kò bá sì yọ̀, nọ́ọ̀tì kò ní ìdí láti yí.

Ẹ jẹ́ ká fi bóòtì M10 ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni bóòtì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, tí àlàfo láti eyín rẹ̀ kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1.5. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, ẹrù tó lè gbé láìjẹ́ pé ó nà kọjá ibi tó ti lè sún padà jẹ́ nǹkan bíi niútọ̀nù 33,600. Àṣà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni láti fún un dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù yẹn, tí í ṣe nǹkan bíi niútọ̀nù 25,000. Ìyẹn tó ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì 50, lórí bóòtì kan ṣoṣo tí kò nípọn ju ọmọ ìka lọ. Láti dé ibẹ̀, agbára yíyí tí a nílò, bí a kò bá fi ọ́ìlì pa eyín bóòtì, jẹ́ nǹkan bíi niútọ̀nù-mítà 50 (a ó máa kọ ọ́ ní Nm). Kì í ṣe gbogbo agbára yìí ló ń lọ síbi iṣẹ́. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ìfaragbo abẹ́ nọ́ọ̀tì ń jẹ, ìyẹn bí irin ṣe ń ha irin lára bí ojú wọn bá kanra. Ìfaragbo eyín ń jẹ nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Nǹkan bí ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ló ń kù tó ń na bóòtì.

Báwo ni bóòtì ọ̀hún ṣe nà tó? Bí irin tí a fún pọ̀ bá nípọn tó mìlímítà 40, nínà náà kò ju mìlímítà 0.08 lọ. Kò nípọn tó ewé ìwé kan. Nínú ìwọ̀n kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀dà tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì a máa rún, gásíkẹ́ẹ̀tì a máa rọ̀, gónpógónpó ojú irin tuntun a máa tẹ́. Bí gbogbo èyí bá mú kí irin fi mìlímítà 0.02 péré sún mọ́ra, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ìfúnpọ̀ ti lọ, nọ́ọ̀tì kò sì tíì yí rárá. Bí irin tí a fún pọ̀ bá sì fẹ́lẹ́, tí kò nípọn ju mìlímítà 10, mìlímítà 0.02 ni bóòtì náà nà lápapọ̀. Sísún kékeré kan náà yóò gba ohun gbogbo tán. Èyí ló fà á tí bóòtì gígùn tó tín-ín-rín fi máa ń pẹ́ kó tó dẹ̀ ju bóòtì kúkurú tó ki lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán a máa tàn wá láti yan èyí tó ki.

Àgbẹ̀ kò ṣàìmọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí igi bá gbẹ, tí ọkọ́ sì ń mì lẹ́nu ẹ̀rúkọ́, omi ló máa ń rẹ ẹ́ sí kí igi lè wú. Ó mọ̀ pé fífún ni ohun tó sọnù, ó sì dá fífún padà. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dè mọ́ orí pákó ní ilé gaàrí ń bá ìṣòro kan náà pàdé láti òdìkejì: pákó ń wú lásìkò òjò, ó ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì láyé tó lè tẹ̀ lé pákó lọ síbi tó sún lọ.

Ohun tí Junker rí

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn fi rò pé fífà tí à ń fa bóòtì síwá sẹ́yìn ní gígùn rẹ̀ ló ń mú kí nọ́ọ̀tì yí padà. Ní ọdún 1969 ni Gerhard Junker, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé gbígbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tó dábùú bóòtì, ló burú jù. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ti pátákó irin sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ nọ́ọ̀tì, tó sì ń wọn agbára ìfúnpọ̀ bó ti ń lọ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe àyẹ̀wò náà di òní. Ìlànà DIN 65151 ti ilẹ̀ Jámánì àti ISO 16130 ti gbogbo àgbáyé ló ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Eyín bóòtì jẹ́ òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a wé mọ́ ọ̀pá. Ẹ gbé bíríkì sórí pákó tí orí rẹ̀ kan fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ. Kò ní yọ̀, nítorí ìfaragbo ti dì í mú. Ẹ wá máa tì í sọ́tùn-ún sósì, láìtì í sísàlẹ̀ rárá. Ẹ ó rí i pé ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá ti ń yọ̀ lọ sí apá kan, ìfaragbo kò ní agbára tó kù láti dá a dúró ní apá kejì. Bí irin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tirẹ̀, ó sì ń tú ara rẹ̀.

A lè ṣírò agbára tó ń tú u. Bí a bá mú ìfaragbo kúrò pátápátá, agbára yíyí tí bóòtì fi ń ti nọ́ọ̀tì sẹ́yìn jẹ́ agbára ìfúnpọ̀ tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú àlàfo eyín, tí a wá fi nǹkan bí 6.28 pín. Fún bóòtì M10 wa, ó jẹ́ nǹkan bíi 6 Nm. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi òǹkà yìí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni iṣẹ́ lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì dá lé.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa wáṣà onísípíríǹgì, èyí tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí orí méjèèjì kò sì dọ́gba. Kò sí ilé ìtajà nọ́ọ̀tì tí kò sí, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Agbára kékeré ló ń tẹ́ wáṣà yìí pátápátá, bó bá sì ti tẹ́ tán, wáṣà lásán ni. Ìwé atọ́nà lórí bóòtì àti nọ́ọ̀tì tí Richard T. Barrett kọ fún NASA ní ọdún 1990 sọ ọ́ ní gbangba pé kò wúlò fún dídènà yíyí padà. Èrò tiwa kò yàtọ̀ sí èyí. Ìgbàgbọ́ nínú wáṣà yìí ti ná wa ju owó wáṣà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé gaàrí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2007, ọkọ̀ ojú irin kan tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Glasgow yà kúrò lójú irin ní Grayrigg ní ẹkùn Cumbria, níbi tó ti ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 153 ní wákàtí kan. Èrò kan kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàm̀bá ojú irin ní ilẹ̀ náà rí i pé nọ́ọ̀tì ti yí kúrò lára àwọn ọ̀pá tó so apá tó ń ṣí tó ń pa lójú irin pọ̀, pé àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tọ́, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń kọ lu irin láti ẹ̀yìn, àti pé àyẹ̀wò kan tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú kò wáyé. Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀, nọ́ọ̀tì sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn.

Irú àwọn lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì onírin

Nọ́ọ̀tì gbogbogbòò a máa yí wọrọ lórí bóòtì títí yóò fi kan irin. Lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì kì í yí wọrọ. Wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ba ibì kan jẹ́ nínú rẹ̀ kí ó lè máa fún bóòtì lọ́rùn, kí ó má lè yí láìjẹ́ pé sípánà yí i, ìbáà ti kan irin, ìbáà má tíì kan án. Agbára tó ń gbà láti yí i lófìfo yìí ni a ó pè ní agbára ìdènà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ba ibẹ̀ jẹ́ ló ya oríṣi kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní Stover. Orí rẹ̀ tín-ín-rín lọ sókè bí òrùlé ahéré, wọ́n sì ti tẹ orí náà tí ihò rẹ̀ kò fi rí róbótó mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ nìkan ni a lè kọ́kọ́ fi sórí bóòtì. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n tẹ̀ ní ìbàdí, tí a óò rí ojú ihò kékeré tàbí ìlà lára ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìwọ̀nyí kò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, ẹ̀gbẹ́ yòówù tí a bá fi wọlé yóò ṣiṣẹ́, èyí sì jẹ́ ìrọ̀rùn níbi tí ọwọ́ ti ń kánjú. Àwọn tí a máa ń rí lára ọkọ̀ òfurufú ní ọmọ ìka lórí: wọ́n la orí nọ́ọ̀tì sí ọ̀nà púpọ̀, wọ́n sì tẹ àwọn ìka náà wọnú díẹ̀ kí wọ́n lè máa di bóòtì mú bíi sípíríǹgì. Ìlànà ISO 7042 àti ISO 7719 ló wà fún àwọn tó ga àti àwọn tí gíga wọn mọ níwọ̀n, ISO 2320 sì ló sọ agbára ìdènà tó gbọ́dọ̀ wà lára wọn. A máa ń wé wọn mọ́ bóòtì, a sì máa ń tú wọn ní ìgbà márùn-ún nínú àyẹ̀wò náà kí a tó mọ̀ bóyá wọ́n yege.

Ẹ padà sí òǹkà 6 Nm. Bí agbára ìdènà nọ́ọ̀tì wa bá tó 6 Nm, nínú ìṣírò, kò yẹ kí ó yí padà rárá, bí irin tilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 3 Nm, yóò yí padà títí agbára ìfúnpọ̀ yóò fi dín kù sí ìdajì, ibẹ̀ ni agbára tó ń tú u àti agbára tó ń dá a dúró yóò ti dọ́gba, yóò sì dúró. Bó bá ti gbó tí agbára ìdènà rẹ̀ kò ju 1.5 Nm lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni yóò kù kó tó dúró. Nínú iṣẹ́ gidi, ó máa ń burú díẹ̀ ju báyìí lọ, nítorí gbígbọ̀n ń jẹ nínú agbára ìdènà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo àpẹẹrẹ yìí, nọ́ọ̀tì kò bọ́. Ẹ̀rọ lè máa pariwo, kó máa mì, àmọ́ nọ́ọ̀tì ṣì wà lórí bóòtì, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ní àǹfààní láti gbọ́ ariwo náà kí ó tó pẹ́ jù. Iṣẹ́ tí lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì mọ̀ jù lọ nìyẹn.

Yíyàn wọn

Ooru ni ìdí àkọ́kọ́ tí a fi ń yan onírin pọ́ńbélé. Nọ́ọ̀tì onírọ́bà, tí wọ́n fi òrùka náílọ́ọ̀nù sí lórí, dára, kò sì wọ́n, ó tilẹ̀ rọrùn lórí eyín bóòtì ju onírin lọ. Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù rẹ̀ kò yẹ níbi tí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 120°C. Èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ gidi lè gbóná kọjá 400°C, ìsopọ̀ páìpù tó ń gba ibẹ̀ kọjá kì í sì í gbádùn ooru tó kéré. Ẹni tó bá fi nọ́ọ̀tì onírọ́bà síbẹ̀ yóò bá òrùka dúdú tó ti jóná, tàbí kó má tilẹ̀ bá nǹkan kan. Níbi tí ooru kò bá sí ńkọ́, lára ẹ̀ṣọ́ bẹ́líìtì fún àpẹẹrẹ? Ẹ lo onírọ́bà, ẹ má fi owó onírin ṣòfò.

Ohun tí wọ́n fi pa nọ́ọ̀tì lára náà ṣe kókó níbi ooru. Síǹkì ló wọ́pọ̀ jù, àmọ́ síǹkì a máa yọ́ ní 419°C, kì í sì í dúró dìgbà náà kó tó bàjẹ́. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi máa ń lo nọ́ọ̀tì onírin tí wọ́n fi bàbà pa lára síbi páìpù èéfín: bàbà kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 1,080°C, kì í sì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì lẹ̀ mọ́ bóòtì. Ẹni tó bá rò pé irin tí kì í dógùn-ún ló dára jù níbi gbogbo ní láti ṣọ́ra. Bí nọ́ọ̀tì àti bóòtì bá jẹ́ irin bẹ́ẹ̀ méjèèjì, tí nọ́ọ̀tì náà sì ń fún bóòtì lọ́rùn, ojú wọn lè lẹ̀ mọ́ra nígbà tí a bá ń yí wọn, wọn kò sì ní ṣe é yí síwá tàbí sẹ́yìn mọ́. Ayùn ló máa ń gbẹ̀yìn irú rẹ̀. Ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún ooru àti sípánà tí a rọra yí ló ń dènà èyí. Ẹ̀rọ tó ń yí nọ́ọ̀tì kíákíá ló ń fà á.

Agbára nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti bóòtì mu. Bóòtì 8.8 ń fẹ́ nọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ 8 sí, bóòtì 10.9 ń fẹ́ èyí tí wọ́n kọ 10 sí. Nọ́ọ̀tì tí kò ní àmì kankan, tí wọ́n ń fi abọ́ wọ̀n tà lọ́jà, kò sí ẹni tó lè sọ bí eyín rẹ̀ ṣe lágbára tó.

Ibì kan wà tí kò yẹ ká lo lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì rárá bó ti wù kó dára tó. Níbi tí bóòtì tàbí nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ti ń yí pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀rọ, bíi ibi tí apá ẹ̀rọ kan ti ń ṣẹ́ po lórí bóòtì, ìlànà àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà ni pé kí a má lò ó. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n la orí rẹ̀ bí adé, tí a fi píìnì gún láti ìhà kan dé ìhà kejì, ló yẹ ibẹ̀.

Lílò wọn

Èyí tí àwọn ènìyàn ń ṣì ṣe jù ni ìṣírò agbára yíyí. Bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ pé 50 Nm, tí nọ́ọ̀tì wa sì ń gba 6 Nm kí ó tó kan irin rárá, 44 Nm péré ló ń dé ibi iṣẹ́ bí a bá dúró sí 50. Ó yẹ ká wọn agbára ìdènà nígbà tí nọ́ọ̀tì ń yí lófìfo, ká sì fi kún èyí tí ìwé sọ, ká wá fún un dé 56. Àmọ́ bí wọ́n bá ti fi ọ́ìlì tàbí òróró pa nọ́ọ̀tì láti ilé-iṣẹ́, òǹkà tí a ṣe fún eyín gbígbẹ kò bá a mu mọ́: agbára yíyí kan náà yóò na bóòtì jù. Fún M10 wa, nǹkan bíi 38 Nm lè dé ibi tí 50 dé lórí eyín gbígbẹ, a ó sì wá fi agbára ìdènà kún un.

Ẹni tí kò bá ní sípánà tó ń wọn agbára yíyí kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Ẹ mú sípánà lásán tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 láti àárín nọ́ọ̀tì dé ibi tí ọwọ́ ti ń fà á, ẹ fi ìwọ̀n onísípíríǹgì irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹran kọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì máa fà á ní ìdábùú sípánà gan-an. Bí ìwọ̀n bá ka kìlógíráàmù 17, 50 Nm nìyẹn. Bó bá ka 19, ó ti dé 56. Kò ní péye bíi ti ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju fífún ún títí iṣan ọrùn yóò fi yọ lọ, èyí tó ti já ọ̀pọ̀ bóòtì.

Ibi tí ń di bóòtì mú lára ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì wọ̀nyí wà lókè, nítorí náà bóòtì gbọ́dọ̀ yọ kọjá orí nọ́ọ̀tì ní eyín méjì ó kéré tán. Bóòtì tó bá kúrú, tí orí rẹ̀ dúró nínú nọ́ọ̀tì, kò tíì dé ibi tí ìdènà wà. Nọ́ọ̀tì lásán ni ẹni náà lò, owó lọ́ọ̀kì-nọ́ọ̀tì ló sì san. Kí a sì fi sípánà kejì di orí bóòtì mú nígbà tí à ń fún nọ́ọ̀tì, nítorí nọ́ọ̀tì tó há lè máa yí bóòtì kiri dípò kí ó máa nà án.

Ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹ bá tú u. Ẹnu rẹ̀ ń gbó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gun bóòtì. Bí ọmọ ìka lásán bá lè yí i lórí bóòtì tó mọ́, kò wúlò mọ́, ibi tó yẹ ẹ́ ni àpò àwọn tó ń ra àlòkù irin. Bóòtì tí ìdọ̀tí tàbí ìdógùn-ún bo eyín rẹ̀ a máa mú kí nọ́ọ̀tì gbígbó dà bí tuntun lọ́wọ́. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ kí a tó ṣèdájọ́.

Fún ìsopọ̀ páìpù èéfín, kí a fún un, kí a tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dáadáa, kí a pa á, kí ó tutù pátápátá, kí a wá tún un wò. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti rọ̀ nígbà náà, ìdá tó tóbi nínú dídẹ̀ rẹ̀ ti wáyé, fífún kejì yìí ló sì máa ń pẹ́. Fún ẹ́ńjìnnì orí pákó, kí a yọ pákó, kí a sì fi irin tàbí kọnkéré rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a lo bóòtì gígùn àti wáṣà fífẹ̀ tó nípọn, kí ẹrù má rì sínú igi.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti le, kí a fi ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí bóòtì, gba ara nọ́ọ̀tì, dé ara irin. Láràárọ̀, ojú nìkan la ó fi wò ó, a kò ní í mú sípánà. Bí ìlà náà bá já, nọ́ọ̀tì ti yí padà, ó sì tó àkókò láti wò ó bóyá ó ti gbó tàbí irin ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ìlà náà bá ṣì tọ́, síbẹ̀ tí irin ń mì, dídẹ̀ ni: kí ẹ fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ ná, kí ẹ wá ohun tó rọ̀ tàbí tó sún lábẹ́ rẹ̀.